Ìwé Ìtàn Àkọ́kọ́ àti Ẹnu Àgbà: Ìrọ̀lẹ́ Kan ní Ilé Ìtàwé ní Sokodé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí rọrùn láti pa ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ èdè kan náà. Ṣùgbọ́n bí àrọ́bá bá kúrò ní Kambolé, tí ó gba Tchamba kọjá, tí ó dé Sokodé, tí ó sì di ìwé ìtàn àròsọ lédè Faransé, ta ni yóò sọ bóyá òun ni baba síbẹ̀, tàbí ó ti di ọmọ fún ìwé? Ìbéèrè yìí ni ó dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní ilé ìtàwé kékeré kan ní Sokodé, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kambolé, wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí ó kọ.

Ilé ìtàwé náà kò tóbi. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú bírò, káléńdà àti Kùránì. Ní àsìkò tí àwọn ọmọ bá ń wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́, èrò a máa tò dé ojú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìwé ìtàn àròsọ. Ní ọjọ́ náà, wọ́n ti sún àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì yá bẹ́ǹṣì láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí. Àwọn tí ó wá kò ju ogójì lọ: olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn obìnrin mélòó kan tí wọ́n ti ọjà bọ̀. Ní iwájú pátápátá ni àgbà mẹ́ta jókòó, tí wọ́n ti kúrò ní Kambolé láàárọ̀. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn, Alájì tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò gbọ́ Faransé tó èyí tí a fi ń ka ìwé. Ó gbọ́ èdè Kambolé, ó gbọ́ èdè Tem tí wọ́n ń sọ ní Sokodé, ó sì gbọ́ èdè àwọn ará Tchamba.

Nígbà tí òǹkọ̀wé náà rí wọn, ó fi máìkì sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá.”

“Òò, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ ta ni ọ́?”

Ó dárúkọ baba rẹ̀. Alájì mi orí. Ó dárúkọ baba baba rẹ̀ àti agbo ilé tí ó ti jáde. Ojú Alájì là. “Hà! Èmi àti ẹ̀gbọ́n baba rẹ jọ ro oko. Dìde, ọmọ mi, lọ ṣe iṣẹ́ rẹ.” Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdílé, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ìwé kan. Kò sí ẹni tí ó kọ ìyẹn sínú ètò ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e dúró.

Ìtàn tí ó wà nínú ìwé náà kò le láti sọ. Ọba ìlú kan, tí òǹkọ̀wé kò fún ní orúkọ, wàjà. Àrólé rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn ìdílé fi ọ̀pá àṣẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní ilé kejì, kí ó bá ọmọ náà tọ́jú wọn títí tí yóò fi dàgbà. Ní ọdún náà gan-an ni òyìnbó dé pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Ó béèrè pé ta ni olórí ìlú. Ẹni tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n tọ́ka sí, orúkọ rẹ̀ ni òyìnbó sì kọ. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tí ó wá béèrè ohun baba rẹ̀, wọ́n dá a lóhùn pé ìwé ti sọ̀rọ̀. Ìyókù ìwé náà tẹ̀ lé ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù yìí, obìnrin kan tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Lomé, tí kò sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí irú ilé tí wọ́n ti wá.

Òǹkọ̀wé ka ojú ìwé mẹ́rin sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan, òun náà ọmọ Kambolé, jókòó sẹ́yìn àwọn àgbà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí wọn létí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ náà kò rọrùn. Nígbà mìíràn, òǹkọ̀wé á ti lọ sí ìpínrọ̀ mìíràn kí olùkọ́ tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó túmọ̀ gbólóhùn gígùn kan sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kẹ́dùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn kíkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè irú ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀: ọdún mélòó ni ó fi kọ ọ́, ta ni ó tẹ̀ ẹ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń di òǹkọ̀wé. Ó dáhùn wọn pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ni Alájì gbé ọwọ́ sókè, tí gbogbo ilé sì dákẹ́.

“Ọmọ mi, wọ́n ní o sọ pé ohun tí o kọ kò ṣẹlẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àròsọ ni.”

“Ṣé irọ́ ni?”

“Rárá, Bàbá. Òpùrọ́ ń fẹ́ kí a gba òun gbọ́. Ẹni tí ó ń sọ àròsọ ti sọ fún wa láti ẹnu ọ̀nà pé àròsọ ni. Bí àlọ́ ni. Bí mo bá ní ‘Ààlọ́ o’, tí ẹ dáhùn pé ‘Ààlọ̀’, gbogbo wa ti mọ ibi tí a wà.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alájì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé: “O sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n a kì í mú àlọ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Ìwé ni a ń mú lọ.”

Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìwé ti ṣe ní agbègbè yìí lè rò pé àgbàlagbà náà ń bẹ̀rù òjìji. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Keje ọdún 1897, àwọn aṣojú Faransé àti ti Jámánì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris tí ó fi ààlà sí àárín Togo àti Dahomey. Kambolé bọ́ sí apá Jámánì. Manigri, tí èdè rẹ̀ àti ti Kambolé súnmọ́ ara wọn débi pé àwọn onímọ̀ èdè a máa ka méjèèjì sí ẹyọ kan, bọ́ sí apá Faransé. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn Jámánì ní Togo túúbá kí Oṣù Kẹjọ tó parí, Sokodé, Tchamba àti Kambolé sì wá bọ́ sábẹ́ Faransé gẹ́gẹ́ bí Manigri. Síbẹ̀ ààlà náà kò kúrò. Jámánì tí ó fà á ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé dúró. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí ìbátan rẹ̀ ní Manigri gbọ́dọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn.

Ìwé kan náà ni ó kan oyè. Ìjọba Faransé fẹ́ ẹni tí yóò gba owó orí, tí yóò kó ènìyàn jọ fún iṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí yóò sì jẹ́ bí wọ́n bá pè é. Wọ́n pín àwọn alágbára ìlú sí ipele: chef de canton ga ju chef de village lọ, commandant sì wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó bá ara rẹ̀ ní ipele tí kò bá ìtàn rẹ̀ mu, nítorí ohun tí akọ̀wé kan kọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Òmìnira dé ní 27 Oṣù Kẹrin ọdún 1960, àwọn ipele náà kò sì parẹ́. Òfin ọjọ́ 8 Oṣù Kìíní ọdún 2007 lórí oyè ìbílẹ̀ ní Togo ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa olórí canton, olórí abúlé àti olórí àdúgbò. Ó fún àṣà ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ìjọba fi òǹtẹ̀ sí ẹni tí ìlú bá yàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ bí fáìlì oyè ti ń wúwo tó, àti irú ìwé tí àwọn ènìyàn máa ń kó wá: lẹ́tà àtijọ́, àwòrán, ojú ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé òyìnbó kan. Kò sí ohun tí ó sọ pé ìwé ìtàn àròsọ kò ní wọ inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ọdún kan náà tí wọ́n fa ààlà Togo. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ilẹ̀ òkèèrè. Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní ọdún 1921. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ìtàn ti rí i pé nígbà tí wọ́n bá lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà ní ìlú kan, ọ̀rọ̀ Johnson ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀ nígbà mìíràn, kódà lẹ́nu ẹni tí kò ka ìwé rí. Ẹnu bí ìwé, ìwé náà padà wá ń bí ẹnu. Ìwé ìtàn gidi ni ti Johnson o, ó sì fi ọ̀pọ̀ nǹkan pamọ́ fún wa tí ì bá ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ṣe ojúsàájú, ojúsàájú náà di ogún.

Ti àròsọ tún yàtọ̀. Láti ọdún 1929 wọ ọdún 1930, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, tí ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn òǹkàwé ní Èkó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé obìnrin náà wà láàyè. Wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì fi í ṣe àríkọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Nígbà tí ó di ìwé ní ọdún 1930, ó di ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Bí àwọn ará Èkó, tí ìwé ìròyìn kò ṣàjèjì sí, bá lè gba àròsọ gẹ́gẹ́ bí òótọ́, kí ni a ó sọ nípa ìlú tí ọ̀pọ̀ àgbà rẹ̀ ń gbọ́ ìwé láti ẹnu ọmọ wọn?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Alájì tọ́. Ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin náà tọ́ pẹ̀lú, ó sì ní àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1929 kan náà tí Sẹ̀gilọlá ń sọ̀rọ̀ ní Èkó, Félix Couchoro, ẹni tí wọ́n bí ní Ouidah ní ọdún 1900 tí ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ ní Togo, tẹ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, L'Esclave. Ohun tí ó kọ nípa rẹ̀ ni ẹrú tí wọ́n rà tí wọ́n sì tọ́ pọ̀ mọ́ ọmọ olówó rẹ̀, àti ìjà tí ó ti ibẹ̀ wá. Ohun tí àwọn ìdílé kì í sọ lójú àlejò ni, síbẹ̀ ó sọ ọ́ lédè tí àlejò ń kà. Ní ọdún 1938, Daniel Fágúnwà ti Òkè-Igbó mú ọ̀nà mìíràn: ó fi èdè ilé rẹ̀ kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó wà lókèèrè máa wá olùtumọ̀. Ní ọdún 1952, Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta tẹ ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní Paris. Àrọ́bá ti ń rìn jìnnà tipẹ́.

Àwọn ará Sokodé ní àpẹẹrẹ tiwọn nítòsí. Ní Bowounda, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú wọn, ni wọ́n bí Sadamba Tcha-Koura ní ọdún 1960. Orúkọ yìí ni ó fi tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, Femme infidèle, jáde ní ọdún 1988. Lẹ́yìn náà ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí Sami Tchak, ẹni tí ó gba Grand Prix littéraire d'Afrique noire ní ọdún 2004. Ní ọdún 2018, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ náà, ó kọ ìwé kan tí ó fi fún ẹnu baba rẹ̀, alágbẹ̀dẹ abúlé: Ainsi parlait mon père. Ó gbà á ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó padà dé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ ní ìdí ààrò. Kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo baba ni ó máa ń dúró fún ọgbọ̀n ọdún.

Nínú ilé ìtàwé náà, olùkọ́ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ Alájì sí Faransé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òǹkọ̀wé kò tètè fèsì. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ó fi Faransé sílẹ̀, ó gbìyànjú èdè Kambolé. Ó ń kọsẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ ní òkùnkùn. Àwọn àgbà kò ràn án lọ́wọ́, wọ́n kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró dè é.

“Bàbá, ìyá àgbà mi ni ó sọ ọ́ fún mi. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbé ní Lomé. Alẹ́ ni, nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gúsí. Mo béèrè pé ìlú wo ni, ilé ta ni. Ó ní kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi lè sọ ọ́ fún mi.”

Alájì dá tẹ̀sùbáà dúró. “Ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fi orúkọ sí i. Mo wá orúkọ láti fi sí i, mo rí i pé kò yẹ.”

Àgbà kejì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wí pé: “Obìnrin yẹn gbọ́n.”

“Ó gbọ́n,” ni Alájì dáhùn. “Ọmọ mi, gbọ́. Ìtàn ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí òyìnbó dé, kò sí àgbègbè tí kò ní irú rẹ̀. Bí o bá dárúkọ ilé kan, o ti dá ìjà sílẹ̀. O kò dárúkọ. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń dùn mí. Olùkọ́ ń túmọ̀, mo ń gbọ́ chef, chef, chef. Ta ni ń jẹ́ chef?”

Òǹkọ̀wé wo ìwé rẹ̀. Ó ní ọba ni òun ń tọ́ka sí.

“Kí ló dé tí o kò fi pè é ní ọba?”

Ó ṣòro láti dáhùn. Ní Faransé tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Togo, ọ̀rọ̀ náà kì í tètè wá sí ọwọ́ ọmọ tí ń kọ̀wé nípa ìlú baba rẹ̀. Chef ni olórí ọ́fíìsì, chef ni olórí ìdáná ilé oúnjẹ, chef ni olórí ibùdókọ̀, chef náà sì ni ẹni tí àwọn àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ìjọba amúnisìn ni ó yan ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọba wà níbòmíràn yàtọ̀ sí Yúróòpù. Ọmọ tí ó kà á ní kíláàsì kò mọ̀ pé wọ́n ti rẹ ìlú òun sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó rò pé Faransé lásán ni.

Èdè Kambolé kò sì sí ní ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ ọ ní ohun mìíràn. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 mú èdè méjì fún kíláàsì, Ewe àti Kabiyè. Àwọn èdè yòókù, títí kan Tem ti Sokodé tí ẹ̀nu púpọ̀ ń sọ, wà ní ilé, ní ọjà àti ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ Kambolé tí ó bá dàgbà ní Lomé ń gbọ́ èdè ìyá àgbà rẹ̀ ní ìdí ẹ̀gúsí nìkan. Bí ìyá àgbà bá lọ, ẹ̀gúsí yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sọ̀rọ̀?

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè,” ni òǹkọ̀wé wí. “Ẹni tí wọ́n fi ọ̀pá lé lọ́wọ́ kí ọmọ náà tó dàgbà, mo pè é ní gardien nínú ìwé. Gardien ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò dára. Kí ni à ń pè é?”

“Adelé,” ni Alájì wí, láìdúró ronú. “Ẹni tí ó ń dè ilé de onílé. Ẹni tí ó bá ń dè ilé mọ̀ pé onílé ń bọ̀. Bí o bá ti pè é ní adelé, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè lọ́wọ́ rẹ ohun tí ó jẹ̀bi rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́.”

Òǹkọ̀wé mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé tirẹ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é, ó tún un pè, Alájì tún un ṣe fún un, ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Tem dìde, ó sọ ohun tí wọ́n ń pè é ní ilé tiwọn. Obìnrin kan láti Tchamba sọ ti ìhà tirẹ̀. Fún bí ìdajì wákàtí, kò sí ẹni tí ó rántí Faransé mọ́. Ọlọ́jà ìwé náà, tí ó ti ń wo aago, jókòó sórí páálí kan, ó ń tẹ́tí.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta, láìsí ìwé kankan tí wọ́n fọwọ́ sí. Èkíní, bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, òǹkọ̀wé yóò fi ojú ewé kan síwájú, tí yóò sọ pé kò sí ilé kan tàbí ìlú kan pàtó tí òun ń bá wí. Èkejì, ọba yóò jẹ́ ọba, adelé yóò sì jẹ́ adelé, kí òǹkàwé Faransé wá bá ọ̀rọ̀ náà níbi tí ó wà. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ààwẹ̀, òǹkọ̀wé yóò wá sí Kambolé láti kà á níwájú àwọn àgbà ní alẹ́, olùkọ́ yóò sì túmọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ pa àlọ́, tí òǹkọ̀wé yóò sì dáhùn.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé gbogbo ohun tí ó wà láàárín ẹnu àti ìwé ti parí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Alájì ṣì ń bẹ̀rù pé ẹnìkan yóò ka ìwé náà bí ó ti wù ú, ẹ̀rù rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òǹkọ̀wé ṣì mọ̀ pé bí òun bá dúró títí gbogbo àgbà yóò fi gbà, ìyá àgbà òun ni yóò ru ìtàn náà lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó bá ní kí ọ̀kan dúró de èkejì kò mọ ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, kò sì mọ ohun tí ó kù sí ìsàlẹ̀ kèrègbè.

Ohun tí ó kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá yé wa. Kì í ṣe gbogbo ilé ni yóò bí òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí ó mọ orúkọ adelé, orúkọ ìlù tí a ń lù nígbà tí ọba bá jáde, orúkọ ọ̀nà tí àwọn ará Kambolé fi ń lọ sí Manigri kí wọ́n tó fa ààlà. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó lè jáde síta àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ dúró sílé. Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì tó ti àkọ́kọ́. Ìyá àgbà kan ní Lomé ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Alájì ra ìwé mẹ́ta kí ó tó jáde. Ọlọ́jà ìwé fẹ́ dín owó rẹ̀ kù, ó kọ̀. Òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ìkínní, ó sì béèrè orúkọ tí òun yóò kọ sí i.

“Má kọ orúkọ mi,” ni Alájì wí pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ìwọ náà rí i pé ìtàn tí kò ní orúkọ ni ó ń pẹ́ láyé.”

Ó fi ìwé náà sínú àpò agbádá rẹ̀, ó súre fún ọmọbìnrin náà, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Tchamba kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Kambolé, ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún òun kí ó sì máa túmọ̀. Ọmọ náà kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ chef. Ó dúró díẹ̀, ó wo ojú bàbá àgbà rẹ̀, ó ní: “Ọba.” Alájì ní kí ó máa kà á lọ.